Fóònò Mẹ́ta Nínú Ilé Kan

Fóònò mẹ́ta ló wà nílé mi, mo sì gbówó jáde lọ ra ọ̀kan nínú wọn láìmọ̀ pé méjì ti wà ńlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi mí ṣẹ̀sín kí ẹ tó ra tiyín.

Bàbá mi ló fi àpótí àwo orin kan sílẹ̀ fún mi, àpàlà, sákárà àti jùjú ló kún inú rẹ̀. Ampilifáyà tòkunbọ̀ ti wà ní pálọ̀ wa tipẹ́, ọ̀kan nínú èyí tí àwọn ará Japan ṣe nígbà tí irin ṣì jẹ́ irin. Ẹ̀rọ tí yóò máa yí àwo ló kù, àbúrò mi kan sì fi tuntun ránṣẹ́ láti London. Ìwé ìlànà wà nínú páálí rẹ̀. Mo ká ìwé náà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.

Mo so ẹ̀rọ mọ́ ihò AUX, mo gbé abẹ́rẹ́ lé Òròkí Social Club tí Àlàájì Haruna Ishola ṣe ní 1971. Ohùn tó jáde kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Bàbá Tádé, ṣé ara Àlàájì ò yá ni?" Mo yí fọ́líọ́ọ̀mù dópin, a wá ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí àkókò ìròyìn tó, mo tẹ rédíò láìrántí fọ́líọ́ọ̀mù. Lańlọ́ọ̀dù wa tó ń sùn lókè sáré sọ̀ kalẹ̀, ó ní ta ló ń jà. Bùbá nìkan ló wà lọ́rùn rẹ̀; mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iná tó ń ti ara abẹ́rẹ́ wá kéré gan-an. Èyí tó wọ́pọ̀, tí wọ́n ń pè ní MM, kì í sábà ju nǹkan bíi millivolt 5 lọ, bẹ́ẹ̀ CD ń mú tó volt 2 wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 400. Fóònò ló yẹ kó wà láàárín, kó gbé ohùn náà sókè.

Mi ò mọ fóònò, ṣùgbọ́n mo mọ máìkì. Mo ní ihò tó ń gbé ohùn èèyàn sókè kò lè kọ ti àwo. Mo so ó síbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sókè lóòótọ́, àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Agídìgbo ti lọ. Mo fọkàn balẹ̀ sọ fún àwọn àlejò pé bí wọ́n ṣe ń gba orin sílẹ̀ láyé ìjọ́un nìyẹn.

Irọ́ ni mo pa. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń gba àyè púpọ̀ lójú àwo. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ bó ṣe rí, ìlà kan á wọ inú èkejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń dín in kù bí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, tí wọ́n á sì gbé ohùn òkè ga. Ìlànà tí ẹgbẹ́ RIAA ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní 1954 ni gbogbo ayé wá ń tẹ̀ lé. Fóònò ló ń dá gbogbo rẹ̀ padà: ó ń gbé ìsàlẹ̀ pátápátá sókè ní ìlọ́po 10 tàbí kó súnmọ́ ọn, ó sì ń rẹ òkè sílẹ̀. Ihò máìkì ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo kó owó táyà mọ́tò, mo fi ra fóònò aláàdáni, àpótí dúdú kékeré kan. Kí iṣẹ́ lè pé, mo ti gbogbo súìṣì ẹ̀yìn ẹ̀rọ àwo sí òdìkejì, torí mo gbà pé ohun tí kò bá ṣiṣẹ́ síhìn-ín á ṣiṣẹ́ sọ́hùn-ún. Mo tún rí wáyà tín-ín-rín kan tí kò jọ pé ó ń ṣe nǹkan kan, mo fi síọ́sì gé e. Ó ń ba ẹwà ilé jẹ́.

Agídìgbo padà dé, ó mú ẹ̀san dání. Àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń gbọ̀n, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kú, ohùn Àlàájì fọ́, sípíkà sì ń ṣe ùùùù láìdákẹ́. Mo ní NEPA ni.

Bàbá kan ládùúgbò wa, tó ti ń tún chénjà ṣe kí wọ́n tó bí mi, wá jẹ ẹran Iléyá. Ó gbọ́ orin díẹ̀, ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó yọjú sẹ́yìn ẹ̀rọ.

"Ìwọ ọmọ yìí, fóònò mélòó lo so pọ̀?"

"Ẹyọ kan ni, Bàbá."

"Ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ àwo yìí, súìṣì tí o tì sí LINE yìí ló tan án. Ìkejì rèé lórí tábìlì." Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ampilifáyà, ó fa ìdérí irin kékeré méjì yọ. "Èyí ńkọ́?"

"Mo rò pé ihò tó bàjẹ́ ni wọ́n fi dí, sà."

Ó fi ìka nu eruku. PHONO ni wọ́n kọ síbẹ̀, gàdàgbà. Wọ́n máa ń dí ihò náà bẹ́ẹ̀ kó má baà máa kùn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó ni. Bàbá ti súìṣì padà sí PHONO, ó so ẹ̀rọ mọ́ ihò náà, ó tún wáyà tí mo gé so. Wáyà yẹn ló ń pa ùùùù lẹ́nu mọ́. NEPA ò mọwọ́mẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà mo ti fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn. Ti inú ẹ̀rọ àwo ṣeé lò, pàápàá fún ẹni tí kò ní ju sípíkà tó ń dá ṣiṣẹ́ lọ. Ti inú ampilifáyà dùn jù ú lọ dáadáa. Àpótí olówó ńkọ́? Mo dijú, mo tẹ́tí, mo pe ìyàwó mi wá ṣèdájọ́. Ó ní, "Àlàájì kan náà ni mò ń gbọ́ o."

Kì í ṣe pé aláàdáni ò wúlò. Lẹ́yìn tí CD gbòde, ọ̀pọ̀ ampilifáyà ni wọn ò fi ihò PHONO sí mọ́. Abẹ́rẹ́ MC tún wà, tí púpọ̀ nínú wọn kì í mú tó millivolt 1 wá. Ọ̀pọ̀ ihò PHONO lásán ò lè gbé e. Àwọn wọ̀nyí ló nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní ihò tí kò kùn, abẹ́rẹ́ tuntun ni kó fowó rẹ̀ rà.

Tèmi wà fún títà. Ó ní súìṣì MC, kò sì tíì gbó rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn ampilifáyà yín dáadáa kí ẹ tó wá nájà. Mi ò ní dá owó padà.