Dókítà Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé àsìkò IT ti dé ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ dúró sí Mayfair ní aago méje àárọ̀, kí ẹ máa wo àwọn tó ń wọkọ̀. Ẹ ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti wọ kóòtù funfun láti ilé wá, tí òógùn ti ya máàpù sí i lẹ́yìn, tí bírò mẹ́ta sì tò sí àpò àyà rẹ̀. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe apòògùn. Ọmọ IT ni, akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì ní kó lọ kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí oògùn ló ń lọ, òní sì ni ọjọ́ kìíní.

Inú láàbù ni wọ́n ti ń wọ irú kóòtù bẹ́ẹ̀, kí kẹ́míkà má baà ta sí èèyàn láṣọ, kí ìdọ̀tí ìta má sì bá a wọlé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí i nínú láàbù? Nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, awakọ̀ ti ní, "Dókítà, ẹ sún mọ́ra díẹ̀," ó sì ti dáhùn. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti gba ìyá tó jókòó tì í nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú àgbo, torí pé kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìyá náà, tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo méjì lọ tà ní Sábó, ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà."

Ọdún 1973 ni àjọ ITF dá ètò SIWES, tí IT wà lábẹ́ rẹ̀, sílẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi orí mọ iṣẹ́ lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Èrò rere ni. Àmọ́ kí aago mẹ́sàn-án tó lù, fóònù nìkan ni ọwọ́ ọmọ yìí tíì kàn. Ó fara ti ẹ̀rọ ńlá kan, ó ya fọ́tò, ó gbé e sórí WhatsApp: "Ọlọ́run ló ń gbéni ga. Ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀." Ẹ̀rọ tó fara tì yẹn, igo ni wọ́n fi ń mú gbẹ.

Igo náà ni wọ́n sì gbé fún un. Ìyá Láàbù, tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, fi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ hàn án: ọṣẹ, omi ẹ̀rọ, lẹ́yìn náà omi dístíìlì, kó fi ṣàn án dáadáa, torí pé bí oògùn àná bá ṣẹ́ kù sínú igo, èsì òní yóò purọ́. Ó fọ̀ ọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ṣí lógbúùkù, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "Ìpalẹ̀mọ́ ohun èlò fún ìtúpalẹ̀ kẹ́míkà." Ilẹ̀ tó gbá di "ìmójútó àyíká ìwádìí." Ìrẹsì tí wọ́n rán an rà fún àwọn ọ̀gá di "ìbáṣepọ̀ láàárín ẹ̀ka." Ẹ má bú u. Ìlú tí káńsẹ́lọ̀ ti ń fi bárò yẹ̀pẹ̀ kan dí kòtò, tó ń pè é ní iṣẹ́ àkànṣe, ibẹ̀ ló dàgbà sí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó lọ ra orin ata lọ́jà. Inú rẹ̀ dùn, torí pé ó mọ̀ ọ́n: Zanthoxylum zanthoxyloides. Ó mọ̀ pé lọ́dún 1971, Abayọmi Ṣofowora ti Yunifásítì Ifẹ̀ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi gbòǹgbò igi yìí ń mú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà bọ̀ sípò nínú ìdánwò láàbù. Ó kà á fún ẹlẹ́wé ọmọ láìmí. Ohun tí kò mọ̀ ni bí igi náà ṣe rí. Orin Ìjẹ̀bú ló mú. Ẹlẹ́wé ọmọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé òmíràn fún un: "Dókítà, ẹ fi eyín kan èyí wò." Ó rún un. Ẹnu rẹ̀ ta á, lẹ́yìn náà ahọ́n rẹ̀ kú tipiri. Kò lè ná ọjà mọ́. Iye tí wọ́n pè ló san.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ewé tí wọ́n sá sí ibòji sí ìkáwọ́ rẹ̀, kó máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní yí padà mọ́. Gíráàmù 205 ló wà lákọsílẹ̀ láná. Òun kò wọ̀n ọ́n; ó kọ 212.

Ìyá Láàbù wò ó. "Ṣé òjò rọ̀ nínú ilé ni?"

"Rárá, mà."

"Kí ló wá mú ewé tó ń gbẹ wúwo ju ti àná lọ?"

Obìnrin náà kò pariwo. Ó sọ ìtàn Tu Youyou ti ilẹ̀ China fún un, bí onímọ̀ náà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń wá oògùn ibà nínú ewé, tí iná ń ba ohun tó wà nínú ewé náà jẹ́, títí wọ́n fi yọ ọ́ láìlo ooru púpọ̀ lọ́dún 1971. Àyọjáde tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 191 ló ṣẹ́gun ibà lára eku. Wọ́n fún Tu Youyou ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2015. "Bí wọ́n bá ti fi irọ́ kọ àwọn tí kò ṣiṣẹ́," ni Ìyá Láàbù wí, "báwo ni wọn ì bá ṣe dá èyí tó ṣiṣẹ́ mọ̀?"

Ọmọ IT mi orí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé e sórí WhatsApp: "Ọ̀nà kan náà ni èmi àti Tu Youyou jọ ń tọ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, olùkọ́ dé láti yunifásítì láti wá wo bó ṣe ń ṣe sí. Ó ṣí lógbúùkù, ó ka "ìpalẹ̀mọ́ ohun èlò fún ìtúpalẹ̀ kẹ́míkà," ó rẹ́rìn-ín. Òun náà ti ṣe IT rí.

"Igo mélòó lo fọ̀?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mẹ́rìndínlógójì, sà."

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

Ó kọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà, nọ́ńbà yẹn nìkan ló ṣeé fi ṣe ìwádìí.