Ẹ̀sọ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò gun Camry rí, wọn ò sì mọ ìdíwọ́ ọkọ̀ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́. Síbẹ̀, bí ẹ bá gba àdúgbò kan kọjá ní Ajah láàárọ̀ Sátidé, tí ẹ rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹni tó ni ẹsẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ nídìí sípánà, ẹ ó mọ̀ pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Ọ́ìlì ló ń jò. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni páànù tó gba ọ́ìlì dúró wà, irin fẹ́lẹ́ tí bọ́m̀pù ẹsíteètì àti kòtò ojú ọ̀nà kì í yéé gbá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí gọ́ọ̀mù ló wà láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì. Bí ooru bá mú un gbẹ tó sán, ọ́ìlì á máa kán sórí ìńtálọ́ọ̀kì olówó ńlá.

Ọ̀gbẹ́ni wa ti wo fídíò lórí YouTube, ó ti di ẹ́ńjíníà. Ohun kan ṣoṣo ló sì mọ̀: ohun tó bá ń jò, kí a fún un le sí i. Nọ́ọ̀tì páànù ọ́ìlì rèé, kékeré ni. Sípánà 10 ló ń tú u lára ọ̀pọ̀ Toyota, agbára tó sì fẹ́ kò ju nǹkan bíi 8 sí 12 Newton-mítà lọ. Ọwọ́ kan ti tó o, kò kan èjìká. Bí wọ́n bá fi tipátipá fún un, etí páànù á tẹ̀ níbi nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, àlàfo á ṣí láàárín wọn, ohun tó ń kán á wá máa ṣàn. Nígbà mìíràn, orí nọ́ọ̀tì á já, ara rẹ̀ á há sínú ẹ́ńjìnnì. Le koko náà nìyẹn.

Gọ́ọ̀mù tún ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE tó wà nínú Camry ọdún 2002 sí 2009 kò tiẹ̀ ní gásíkẹ́ẹ̀tì gígé níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni ilé iṣẹ́ fi dí i. Ẹni tó bá lọ sí ọjà Ládìpọ̀ ní Mushin tó ní orígínà gásíkẹ́ẹ̀tì lòun fẹ́, á kúkú rí ẹni tà á fún un. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já ló yẹ kí wọ́n fà, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni ń lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì Agége. Àjẹṣẹ́kù gọ́ọ̀mù á já bọ́ sínú páànù, á lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà lọ sókè. Bí ẹ́ńjìnnì bá wá nọ́ọ̀kì ní Chevron lọ́nà Lekki, ẹni tó ta gọ́ọ̀mù ni wọ́n á máa bú.

A ò tíì kan jáàkì. Iyanrìn ni ilẹ̀ Ajah. Apá kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ omi kí wọ́n tó dí i. Jáàkì ń rì nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó súnmọ́ 1,500 kìlò sì nìyẹn lókè àyà ọmọ èèyàn.

Àwọn kan tún wà tó gbọ́ òwe sódì. Wọ́n tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì ń ru gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kiri nínú búùtù.

"Màdámù, ẹ jẹ́ ká tú u wò."

"Ẹ ṣáà rọra bá mi fi kún un."

Ìmẹ́lẹ́ lèyí, kì í ṣe ẹ̀sọ̀. Ẹ̀sọ̀ ni kí wọ́n fọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n wa ọkọ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì fi tọ́ọ̀ṣì wá orísun jíjò náà láti òkè wá. Ó lè jẹ́ ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì tàbí fílítà ló ń jò, tí páànù kàn ń jẹ́jọ́ ẹlẹ́jọ́.

Ní ti ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, gọ́tà ni ọ̀gbẹ́ni ń dà á sí. Ó ti gbàgbé oṣù Keje ọdún 2017, nígbà tí omi gọ́tà wọlé tọ àwọn ará Lekki ní pálọ̀. Mẹkáníìkì tí kò wo YouTube ń rọ kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù tirẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó ń tà á fún káfíńtà tó fi ń kun pákó nítorí ikán.