Ẹ̀wà Tútù Ìyàwó Pẹ́lẹ́ńgẹ́

Èmi kì í ṣe olófòófó. Ẹni tó bá ní olófòófó ni mí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ mi, n kò kàn tíì ráyè tú u ni.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ní àgbàlá wa ní Igbókòdá níbí, ìdí ààrò ni ibùjókòó mi, ibẹ̀ ni mo ti ń yí ẹja lójú iná. Ẹni tó ń yan ẹja kì í kúrò nídìí iná. Ẹni tí kì í kúrò nídìí iná, ṣé kò ní máa rí èrò tó ń kọjá ni? Inú èéfín ni mo ti rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ibì kan bá dúdú níbẹ̀, èéfín ló fà á.

Ẹ ṣáà mọ ìyàwó tí ọmọ Ìyá Aláwọ̀n mú wá láti Èkó? Ẹni pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn, tó máa ń gbálẹ̀ ibi tí kò dọ̀tí. Ọdún mẹ́ta ló fi bá àwọn ará Ṣáínà kan ṣiṣẹ́ nílé ìdáná wọn kó tó délé ọkọ. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó gbé ẹ̀wà kaná. Ẹ̀wà olóyin, kóńgò kan gbáko. Òórùn rẹ̀ gba àgbàlá, kálukú ti ń wá gàrí sílẹ̀. Mo rí i tó fi ṣíbí mú hóró kan, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìka: hóró náà fẹ̀ pẹrẹsẹ, èèpo rẹ̀ kò bó. Ni ó bá gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀. Mo ní ẹ̀wà yìí mà kù díẹ̀ kó rọ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti dà á sínú asẹ́, omi ẹ̀wà ń ṣàn lọ sínú gọ́tà.

Omi ẹ̀wà! Ìyá Ẹlẹ́dé pariwo bí ẹni tí ìgbì gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú mà, sàláàdì ni mo fẹ́ fi ṣe. Bí àwọn ará Éṣíà ṣe ń ṣe é ni.” Ó wá tẹ́ ẹ̀wà sórí páànù, ó gbé e sí atẹ́gùn, ẹ̀wà wá ń gba atẹ́gùn bí ẹni tó wá lo ìsinmi.

Ìyá Aláṣọ ló kọ́kọ́ dáhùn, òun kì í sì í pẹ́ dáhùn àfi tó bá kan owó. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí ibi tí ẹ̀wà ti bá sàláàdì pàdé. Mo ní, “Ìyá Aláṣọ, sàláàdì tí ẹ jẹ àwo méjì níbi ìkómọ ìjẹta, kí ni pupa rúbúrúbú tó wà lábẹ́ kírímù?” Ó ní ìyẹn bekibíìnsì ni. Mo ní kí ni bíìnsì? Ó dákẹ́. Ẹni tó jẹ mí lówó ẹja láti ọdún Àjíǹde, ó yẹ kó máa dákẹ́ dáadáa.

Ìyá Aláwọ̀n fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ọmọ Ayétòrò ni. Ìlú yẹn tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, níbi tí ohun ìní ti jẹ́ ti gbogbo ará ìlú nígbà kan rí, tí kálukú ń ṣiṣẹ́ fún àpò kan ṣoṣo. Ẹ ṣáà ti gbọ́ bí òkun ṣe ń jẹ ìlú náà láti ọdún pípẹ́ wá. Ilé bàbá tirẹ̀ wà lábẹ́ omi báyìí, ẹja ló ń sùn ní yàrá tí wọ́n bí i sí. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwà ibẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀: kò lè rí oúnjẹ kó má pín in. Nítorí náà, bí ìyàwó bá se májèlé, gbogbo àgbàlá ni yóò jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi kàn mí, kì í ṣe ìtọpinpin.

Àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi ìyàwó nìkan. Ó ní sàláàdì gbọ́dọ̀ tutù. Iná kò sí. Ọkọ rẹ̀ bá sọ pé yìnyín ṣáà wà nínú kúlà. Òótọ́ ni, yìnyín wà, àmọ́ kúlà tí ẹja òwúrọ̀ ti sùn ni. Wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣí i: ẹ̀wà ń rùn bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ológbò àgbàlá tẹ̀ lé abọ́ náà délé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ti Bàbá Ẹ́ńjìnnì ló tún wá burú. Ìyàwó ní ìgò kan, omi dúdú kirikiri ló wà nínú rẹ̀, omi sóyà tí àwọn ará Ṣáínà ń fi ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà pẹ̀lú iyọ̀ ṣe, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan fún oṣù mélòó kan. Ó gbé e sójú fèrèsé. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ti ibi àtúnṣe ọkọ̀ dé, jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó rí ohun dúdú nínú ìgò, ó ní àgbo ti dé. Yéè! Ó gbé e mì bí ọkùnrin. Píọ̀ wọ́tà mẹ́fà ló mu tẹ̀ lé e, ó sì ń tutọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó sọ kò ṣeé kọ sílẹ̀. Títí di òní, bí ó bá rí Kókà Kóòlù, ó kọ́kọ́ máa ń gbóòórùn rẹ̀ ni.

Ìgò wá ṣófo. Ìyàwó jókòó, ó káwọ́ lérí. Ìyá Aláwọ̀n ní, “Kí ni omi yẹn ń ṣe nínú oúnjẹ gan-an?” Ó ní iyọ̀ ni, mà, àti adùn kan tó máa ń dúró sẹ́yìn ahọ́n. Ìyá Aláwọ̀n kò fèsì, ó wọlé, ó gbé irú jáde, ó pò ó mọ́ omi gbígbóná, ó sẹ́ ẹ, ó fi iyọ̀ sí i, ó ní, “Tọ́ èyí wò.” Ìyàwó tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ là.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì FUTA ní Àkúrẹ́ wà nílé lọ́jọ́ náà. Tó o bá bi ọmọ yẹn ní aago, yóò kọ́kọ́ sọ ìtàn òòrùn. Ó ní kò yani lẹ́nu: àwọn ará Japan ní ẹ̀wà sóyà kan tó ń yọ̀, tó ń rùn, nattō lorúkọ rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ọ́ di nattō náà ló ń sọ hóró igi irú di irú. Mo ní ṣé àwọn ọmọ tiwọn náà máa ń dímú bí wọ́n bá gbé e dé? Ó ní púpọ̀ nínú wọn.

Kò dúró síbẹ̀. Ó ní ẹ̀wà olóyin tí ẹ̀ ń ṣàríwísí yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni orírun rẹ̀. Wọ́n ti rí hóró rẹ̀ tí wọ́n wú jáde ní Gánà, tó ti lé ní 3,500 ọdún. Láti Áfíríkà ló ti kọjá sí Íńdíà, ó rìn títí dé Ṣáínà. Àwọn ará ibẹ̀ kò bìkítà fún hóró rẹ̀, èèpo tútù ni wọ́n ń fẹ́ jẹ. Èyí tí èèpo rẹ̀ bá gùn jù ni wọ́n ń fi ṣe irúgbìn, ọdún dé, ọdún lọ, títí ẹ̀wà fi gùn bí okùn, ó ń ju ìdajì mítà lọ. Mo wo ìyàwó, mo ní, “Ìyẹn ni pé ẹ̀wà tiwa lọ sí ìdálẹ̀, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wá padà wálé?” Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn. Eyín rẹ̀ dára.

Sóyà ní tirẹ̀, Ṣáínà ló ti wá bá wa. 1908 ni wọ́n mú un dé Nàìjíríà. Ó pẹ́ ká tó mọ ohun tí a lè fi í ṣe, kí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, tó kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà rẹ̀. Wàrà yẹn náà ni wọ́n ń dín tà lójú títì tí wọ́n ń pè ní bẹ́sìkẹ́. Ìyàwó gé e wẹ́wẹ́, ó dín in títí etí rẹ̀ fi ń dún kárakára, ó kó o kalẹ̀ de sàláàdì.

Ohun tó pa ẹnu Ìyá Ẹlẹ́dé dé ló kù. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tún se ẹ̀wà mìíràn, ìyàwó ní kí wọ́n yá òun ní odó. Odó fún sàláàdì! Ó ní ní Táílándì, inú odó ni wọ́n ti ń ṣe sàláàdì ìbẹ́pẹ dúdú: ata, aáyù, ẹ̀wà gígùn yẹn, ẹ̀pà, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ó wá ní, “Àti edé gbígbẹ, mà.”

Ìyá Ẹlẹ́dé dìde. Ogún ọdún ló ti ń ta edé ní èbúté yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé edé jẹ́ ohun tí wọ́n ń jẹ ní Táílándì. Ó lọ mú èyí tó fi pamọ́ fún àlejò, pupa bíi wúrà, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, òun fúnra rẹ̀ ló gún un. Atalẹ̀ wọ inú odó, aáyù wọ̀ ọ́, atarodo méjì, ẹ̀pà yíyan, yànmọ̀tí díẹ̀, oyin ṣíbí kan, omi irú, omi ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀wà ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí ìyàwó da gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Ó ní bí ó bá ti tutù tán, òde ara rẹ̀ nìkan ni omi yóò dúró sí, kò ní fà á mu. Kùkúḿbà, kárọ́ọ̀tì àti àlùbọ́sà tó gé bí igi ìṣáná, ìgbà tó tutù ló tó kó wọn sí i. Ẹfinrin ló gé sórí, torí pé ìbátan rẹ̀ ni àwọn ará Táílándì ń lò.

Ẹ béèrè bóyá ó dùn. Ìyá Aláṣọ bu tirẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ mọ ohun tí òun ń bú ni. Ó mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bàbá Ẹ́ńjìnnì ní òun ò ní fi ẹnu kan ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ìyàwó yẹn wá. Ṣùgbọ́n lóru, nígbà tí mo dìde lọ wo iná ẹja, mo rí ẹnì kan ní kọ̀rọ̀ kíṣìnnì Ìyá Aláwọ̀n, pupuru lọ́wọ́ òsì, abọ́ sàláàdì lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń fi òkèlè pupuru kó ẹ̀wà bí ẹni ń jẹ ọbẹ̀. N kò ní dárúkọ. Gírísì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

Ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ ìró yẹn? Odó nìyẹn. Ẹ bá mi wo ẹja yìí, ẹ má jẹ́ kó jó, abọ́ mi dà?