Ẹ Bá Mi Bẹ Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù Yìí

Ẹ gbà mí o. Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkòtún nítorí pé ó wù ú? Ọmọ àbúrò ìyàwó mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn máa ń sanwó fún ẹni tí yóò mú un fẹsẹ̀ rin ìlú kiri, tí yóò máa fi ilé àtijọ́ àti sọ́ọ̀bù hàn án. Sanwó kẹ̀! Èmi tí mo ń fẹsẹ̀ rin Ìdímù dé Ẹ̀gbẹ́dá nígbàkigbà tí owó ọkọ̀ bá tán lápò, ta ló fún mi ní kọ́bọ̀ rí?

Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti dáhùn: “Bàbá Ìbejì á mú ẹ lọ.”

Ní Sátidé, a gbéra ní Ẹ̀gbẹ́dá. Nígbà tí a dé Ìṣẹrì Ọlọ́fin, àyà mi wú, torí mo mọ ìtàn ibẹ̀. Mo ní Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre tẹ̀ lé àwo lórí omi láti Ifẹ̀. Ibi tí àwo bá rì sí ni kó tẹ̀dó. Ìṣẹrì ni wọ́n ní àwo rì sí, ni wọ́n fi ń pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní Àwórì. Ọmọ náà wòtún, ó wòsì: “Àǹkù, omi náà dà?” Lóòótọ́, Ìṣẹrì kan tún wà létí odò Ògùn, àmọ́ n ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹni tó ni àwo. Kí n tó fèsì, ó ti ń ya fọ́tò gọ́tà. Àwo tó bá bọ́ sínú gọ́tà yẹn kò lè rì láéláé, ọ̀rá píọ́ wọ́tà á gbé e ró.

Ní ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Èkó, jẹ́ 1,277,714. Ìjọba Èkó ní irọ́ ni, a lé ní mílíọ̀nù méjì. Ẹ bá mi sọ fún àwọn méjèèjì pé mo ti kà wọ́n: gbogbo wọn ló tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ ní ọjà Ìkòtún ní Sátidé yẹn.

Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ra jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà. Iye tí wọ́n pè é náà ló san, ó ní ọ̀pọ̀ ni! Ìgbà tó yẹ inú ọrùn rẹ̀ wò, orúkọ sọ́ọ̀bù kan tó wà nítòsí ilé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá níbẹ̀. Aṣọ tó wọkọ̀ ojú omi wá, ó fẹ́ wọ bàálù padà sílé.

Ní 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ní Èkó, wọ́n fo tiwa. Ọ̀kadà wá ń pòòyì lára mi bí eṣinṣin, “Bàbá, ẹ gùn ún ká lọ!” Ọmọ yìí kọ̀ jálẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi dé Ìgándò, nítòsí ààtàn Solous. Ó di imú mú: “Àǹkù, kí nìyẹn?”

Mo ní, “Ohun àtijọ́ ni. Ṣebí òun lo ní o fẹ́ rí?”

Lálẹ́, bí mo ṣe ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná oníyọ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé àǹkù òun mọ ìtàn gan-an. Wọ́n ti fẹnu kò: Sátidé tó ń bọ̀, ó di Àgbádárìgì, ká lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Mo bi í bóyá ọkọ̀ la máa wọ̀ débẹ̀.

Kò tíì dá mi lóhùn.