Sójà Onígbèsè Àkàrà

Bí gbogbo bàbá tó ní òun jà ní Ọ̀rẹ̀ bá jà níbẹ̀ lóòótọ́, ọ̀tá ò bá má ráyè dúró sí. Bàbá mi wà lára wọn. Lóṣù kẹjọ ọdún 1967 tí àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya, tí wọ́n gba Benin, tí wọ́n sì forí lé ọ̀nà Èkó, Bàbá ní àwọn wà lára àwọn tó dá wọn padà ní Ọ̀rẹ̀. Ẹmu ò ní tíì dé ọ̀nà ọ̀fun wọn tí wọ́n á fi ké pé, “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!” Màmá á kàn ṣe “hùn.” Wọ́n mọ̀ pé inú sítọ́ọ̀ bárékè n'Íbàdàn ni Bàbá wà lóṣù yẹn, tí wọ́n ń wọn gààrí.

Ẹnu géètì bárékè náà ni Màmá ti ń ta àkàrà. Bàbá ń jẹ ẹ́ láwìn, Màmá ń fi èédú fa ilà sára ògiri. Ilà ti dé abẹ́ fèrèsé nígbà tí wọ́n ní kí Bàbá lọ bá ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion, lójú ogun. Bí onígbèsè bá kú sógun, ta ni yóò sanwó? Ní 1968, kí Bàbá tó gbéra, ìgbéyàwó wáyé.

Ẹ wo fọ́tò ọjọ́ náà: yúnífọ́ọ̀mù Bàbá ṣì lè gba ẹnì kejì, Màmá sì di ọrùn ọwọ́ wọn mú gírígírí. Àlejò á ní, “Ẹ wo ìfẹ́!” Ìfẹ́ wo? Olówó ló di onígbèsè mú. Àwa ọmọ ni èlé.

Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹrin, ọdún 1969, Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, náà gbé Victoria níyàwó l'Ékòó, ogun ò tíì parí. Títí dòní, Bàbá ní àwọn ni Gowon wò ṣe.

Nígbà tí ogun parí lóṣù kìíní ọdún 1970, Gowon kéde pé kò sẹ́ni tó ṣẹ́gun, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ṣẹ́gun. Bàbá rò pé ìkéde náà kan gbèsè. Ṣùgbọ́n bí owó fẹ̀yìntì bá ti wọlé báyìí, Màmá á tẹ́wọ́: “Bàbá Sójà, owó àkàrà dà?” Bàbá á ní ṣebí Gowon ti ní ká gbàgbé ọ̀rọ̀ àná. Màmá á ní Gowon ò jẹ nínú àkàrà àwọn, kò lè bá àwọn dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni.