Jammeh Ti Di Ayálégbé

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo rí àgbà fín, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀ pé: Ọlọ́lá Jùlọ, Sheikh, Ọ̀jọ̀gbọ́n, Alhaji, Dókítà Yahya A.J.J. Jammeh Babili Mansa. Lẹ́fútẹ́náǹtì ọmọ ọdún 29 ni nígbà tó fi ìbọn gbàjọba Gáḿbíà ní 1994. Ní 2011, ó sọ fún BBC pé bí Allah bá fẹ́, òun lè ṣèjọba fún bílíọ̀nù ọdún kan. Allah fún un ní 22. Ó ku 999,999,978.

Ní Oṣù Kejìlá 2016, àwọn ará ìlú dìbò fún Adama Barrow, ẹni tó ti ṣe gádì rí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Jammeh tẹ̀ ẹ́ láago, ó kí i kú oríire. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó ní òun ti kó ìkíni òun padà. Àfìgbà tí ọmọ-ogun ECOWAS dé ẹnubodè ni ọkàn rẹ̀ tún rọ̀.

Àárín rúkèrúdò yẹn ni àwọn aṣojú-ṣòfin wa l'Ábújá dìbò pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n láàánú! Ṣùgbọ́n ayálégbé tó gbọ́n a máa bi ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú léèrè. Charles Taylor ti Lìbéríà kó dé Kàlàbá ní 2003, a fún un nílé, a fún un lọ́lọ́pàá. Ní 2006, a mú un ní ẹnubodè Gamboru, a fà á lé Lìbéríà lọ́wọ́; ẹ̀wọ̀n 50 ọdún ló bọ́ sí.

Jammeh gba ọ̀dọ̀ Teodoro Obiang lọ, ní Equatorial Guinea, orílẹ̀-èdè tí kò fọwọ́ sí ìwé ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn àgbáyé. Láti 1979 ni bàbá onílé yìí ti wà lórí oyè, lẹ́yìn tó lé Macías Nguema, ẹbí ara rẹ̀, kúrò, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Irú onílé bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìwà tí ayálégbé hù níbi tó ti ń bọ̀.

Ẹ wá wo ẹrù! Bàálù akẹ́rù láti Chad ló gbé àwọn ọkọ̀ bọ̀gìnnì rẹ̀. Olùdámọ̀ràn Barrow figbe ta pé ó lé ní mílíọ̀nù 11 dọ́là tó dàwátì nínú àpò ìjọba láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tó jókòó lẹ́yìn náà ka iye gbogbo tó kó jẹ, ó kéré tán, ó tó mílíọ̀nù 362 dọ́là. Ayálégbé mìíràn a máa jẹ owó ilé sílẹ̀ lọ. Tiẹ̀, ilé ló gbé lọ.

Àwọn akọ̀ròyìn tó sá fún un lọ sí Dakar, lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa akẹgbẹ́ wọn, Deyda Hydara, ní 2004, kò rí bàálù akẹ́rù kankan. Wọn ò tiẹ̀ ní ẹrù.

Ní 2021, ó ń fi fóònù kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ nílé bí wọ́n ṣe máa dìbò tako Barrow. Barrow tún wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró gba ìpè ìkíni.