Òkúta inú bọ́tọ̀

(Ìsọ̀ onítáyà kan ní Típà Gárèéjì, Tánkẹ̀, Ìlọrin, ni Bàbá Katakata àti Múrí àgbẹ̀ ti pàdé. Bàbá Katakata, tó wa katakata títí tó fi fẹ̀yìn tì, ti jókòó sórí táyà kí Múrí tó dé.)

MÚRÍ: Bàbá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ bá mi yọ̀ lónìí.

BÀBÁ KATAKATA: Ìyàwó ti bí ni, àbí owó àgbàdo èṣí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé?

MÚRÍ: Mo ti rí ẹni tó máa yá mi ní ẹ̀rọ tó ń fọ́n ajílẹ̀! Wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀yìn katakata, á máa fọ́n bọ́tọ̀ ká gbogbo oko. Àwọn tó ń bá mi fi ṣọ́bìrì fọ́n ọn ti gbowó lọ́wọ́ mi tó. Típà méjì ti já bọ́tọ̀ sílẹ̀ fún mi lóko, lọ́nà Ìdòfìàn.

BÀBÁ KATAKATA: Níbo ni wọ́n ti kó o?

MÚRÍ: Níbi tí wọ́n ń so màlúù mọ́. Wọ́n tà á fún mi ní ọ̀pọ̀.

BÀBÁ KATAKATA: Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi kó o sọ́kọ̀, àbí katapílà?

MÚRÍ: Katapílà ni. Kíá ló kún.

BÀBÁ KATAKATA: Ó gbọ́dọ̀ kún kíá. Ilẹ̀ agbègbè Ìlọrin yìí, yangí àti òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Katapílà tó bá ha bọ́tọ̀ nílẹ̀, á ha ilẹ̀ mọ́ ọn. Bọ́tọ̀ lo sanwó fún, òkúta ni wọ́n fi ṣe èènì.

MÚRÍ: Kí ni òkúta máa ṣe oko tó ti jẹ́ olókùúta tẹ́lẹ̀?

BÀBÁ KATAKATA: Kò ní ṣe oko ní nǹkan kan. Ẹyinjú ẹ ni mò ń rò. Ṣé o mọ bí irú ẹ̀rọ yẹn tó ń fọ́n ọn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣe dé ayé? Tísà kan ni, Joseph Oppenheim, ní ìlú Maria Stein, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kì í rójú wá sí kíláàsì, nítorí wọ́n ń bá bàbá wọn fọ́n ìgbẹ́ ẹran lóko. Àánú wọn ṣe é. Wọ́n ní eré ni ó ń wò, níbi tí àwọn ọmọ ti ń fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù, ó wá rí i pé tí pátákó bá dagun, bọ́ọ̀lù á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 1899 ló ṣe ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń gbá ìgbẹ́ sí ọ̀tún àti òsì.

MÚRÍ: Tísà gidi nìyẹn. Tiwa ìgbà yẹn, oko ara rẹ̀ ló ń kó wa lọ.

BÀBÁ KATAKATA: Gbọ́ mi ná. Gbígbá ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀. Ìgbẹ́ dé, á gbá a. Òkúta dé, á gbá a. Ṣé o mọ PTO, irin tó ń yí lẹ́yìn katakata tó ń fún ẹ̀rọ lágbára? Èyí tó wọ́pọ̀ níbí máa ń yí ní ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 9 nìyẹn kí o tó pe “bìsìmílà” tán. Bọ́tọ̀ rọ̀, afẹ́fẹ́ á tètè dá a dúró. Òkúta le, ó sì wúwo, ìyẹn máa ń lọ jìnnà. Ẹ̀yìn ló sì ń fò sí jù, àmọ́ ó lè ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè bá irin ara ẹ̀rọ kó ta padà síwájú.

MÚRÍ: Síwájú? Níbi tí awakọ̀ jókòó sí?

BÀBÁ KATAKATA: Sí ìpàkọ́ rẹ̀ gan-an, bí ó bá sì bojú wẹ̀yìn láti wo iṣẹ́, ojú ló máa gbà á. Lókè òkun, ọ̀pọ̀ katakata ló ní yàrá onígíláàsì tí awakọ̀ ń wọ̀. Tiwa ńkọ́? Ìbòrí oòrùn lásán, nígbà míì kò tiẹ̀ sí.

MÚRÍ: Ẹ ti fẹ́ ba ayọ̀ mi jẹ́ o, Bàbá.

BÀBÁ KATAKATA: N ò bà á jẹ́. Yá ẹ̀rọ ẹ, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ síbi òkìtì bọ́tọ̀ yẹn. Fi fọ́ọ̀kì tú u, kí ẹ ṣa òkúta, bíríkì tó fọ́, ìgò àti irin kúrò. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Èmi mọ̀ pé ibẹ̀ ni ààbò wà jù, nítorí òkúta tí kò wọnú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó máa gbá a. Lẹ́yìn náà, mú katakata wá fún wẹ́dà níhìn-ín kó jó àwọ̀n irin tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó, kí ihò rẹ̀ kéré, kó ga ju orí awakọ̀ lọ. Tí o bá fẹ́ mọ irú èyí tó yẹ, NCAM wà ní Ìdòfìàn níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀rọ àgbẹ̀. Lọ bi wọ́n.

MÚRÍ: Àwọn ọmọ tó máa ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata ńkọ́?

BÀBÁ KATAKATA: Kí wọ́n lọ sílé! Àwọn maṣíìnì kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká gé koríko létí títì, o ti rí i bí òkúta wọn ṣe ń fọ́ gíláàsì ọkọ̀. Àwọn tó ṣe wọ́n kọ ọ́ sára wọn pé kí ẹlòmíì má sún mọ́ ọn tó mítà 15. Tìẹ ju ìyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹ. Tí o bá rí ènìyàn tàbí darandaran tó ń bọ̀, pa PTO, jẹ́ kó kọjá. Má sì fọ́n an sí ìhà ọ̀nà.

MÚRÍ: Tí òkúta bá há sí i?

BÀBÁ KATAKATA: Pa ẹ́ńjìnnì, yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, dúró kí irin ó dákẹ́ pátápátá kí o tó fọwọ́ kàn án. Jàlàbíà tí o wọ̀ yìí ò sì gbọ́dọ̀ dé ìtòsí ibẹ̀. Tí PTO bá ká etí rẹ̀, á fà ẹ́ mọ́ ọn.

MÚRÍ: Màá wọ gíláàsì dúdú mi sójú.

BÀBÁ KATAKATA: Èyí tí o rà lọ́wọ́ ọmọ oníkiri? Tí òkúta bá bà á, á fọ́ wọnú ojú ẹ. Ra èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò, tó mọ́ gaara tó sì bo ẹ̀gbẹ́ ojú.

MÚRÍ: Tó bá wá bá ojú náà ńkọ́? Ìyá mi ní omi ọmú ló dára jù.

BÀBÁ KATAKATA: Ọ̀rọ̀ tí mo ń sá fún nìyẹn! Omi ọmú, omi ṣúgà, oje ewé, títí kan ìtọ̀: ojú tó yẹ kó là ni wọ́n fi ń fọ́. Má fi ọwọ́ ra á. Tí nǹkan bá gún un, má yọ ọ́. Wá ife kan tó mọ́, dé e lé ojú náà láìtẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin lọ́jọ́ náà gan-an. Má dúró títí di ọ̀la kí o máa wò ó bóyá á rọlẹ̀.

MÚRÍ: Ó dáa. N ó sún ọjọ́ ẹ̀rọ síwájú. Bọ́tọ̀ ni n ó kọ́kọ́ ṣà.

BÀBÁ KATAKATA: Ọjọ́ tí o bá fọ́n ọn, ro ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí agbára rẹ̀ má bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta bọ́tọ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí katapílà dúró díẹ̀ sókè ilẹ̀. Bọ́tọ̀ là ń san owó rẹ̀ fún yín.